Bíìtì Tín-ín-rín fún Iṣẹ́ Kékeré

Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi pátákó àti idẹ ṣe àwòṣe ibùdókọ̀ ojú irin Òkukù, kí ó kéré débi tí yóò fi dúró lórí tábìlì. Ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tẹ́ ẹ gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, nítorí náà ohun tó tọ́ sí àwòṣe ni. Ìwọ̀n ni onítọ̀hún máa kọ́kọ́ yàn. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré káàkiri ayé fẹ́ràn ìwọ̀n 1:87, èyí tí mítà 87 lójú ayé fi ń di mítà kan ṣoṣo lórí tábìlì. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lójú ọ̀nà yìí jẹ́ mìlímítà 1,067. Tí a bá fi 87 pín in, ó di mìlímítà 12 àti díẹ̀. Ìyẹn rọrùn láti ṣe. Ibi tí wàhálà wà ni irin ìdìmú tí èrò máa ń fà mọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gòkè sínú kọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá nípọn tó mìlímítà 25 lójú ayé, lórí tábìlì yóò di wáyà tí kò tó mìlímítà 0.3. A óò lu ihò fún wáyà yẹn ní òkè, a óò lu òmíràn fún un ní ìsàlẹ̀, méjèèjì á sì bá ara wọn mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin ìdìmú á wọ́.

Ìwọ̀n tí a bá yàn ló ń sọ bíìtì, irin tí a fi ń lu ihò, tí a máa rà. Ní 1:35, tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ogun kékeré ń lò, irin ìdìmú kan náà á jẹ́ mìlímítà 0.7. Ní 1:24, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 1. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe àwòṣe ilé ní 1:50 yóò rí 0.5. Èyí tó ń ṣe tirẹ̀ ní 1:100 yóò bá 0.25 pàdé, ìmọ̀ràn mi fún un sì ni pé kí ó fi pẹ́ńsù ya irin náà, kí ó yéé dá ara rẹ̀ lóró. Ẹ fi kálípà wọn wáyà kí ẹ tó ra bíìtì, kí ẹ sì mú bíìtì tó fi díẹ̀ tóbi ju wáyà lọ. Wáyà 0.3 máa ń wọ inú ihò 0.35 tàbí 0.4 láìjà, gúlù náà á sì rí àyè dúró sí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka bíìtì wọ̀nyí. Èyí tó yé gbogbo ayé ni ti mìlímítà. Ṣùgbọ́n páálí tó bá ti Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba wá lè ní nọ́ńbà lásán lára, nọ́ńbà ọ̀hún sì ń gòkè bí irin ṣe ń tín sí i. Nọ́ńbà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 5.8, nọ́ńbà 61 kò pé mìlímítà 1, nọ́ńbà 70 jẹ́ 0.71, nígbà tí nọ́ńbà 80 jẹ́ 0.34. Èyí kò ní ya ẹni tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́nu, nítorí abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ nọ́ńbà 12 tín ju nọ́ńbà 10 lọ. Oníṣẹ́ igi ló máa ń bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ tí orí yìí fẹ́ fi yé ènìyàn gan-an ni pé bíìtì tín-ín-rín kì í sábà kú nítorí pé ohun tí a ń lu le jù ú. Títẹ̀ ló ń pa á. Ẹ mú ẹyọ igbálẹ̀ kan, ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀: yóò tẹ̀ kọ̀ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gé e kó ku bíi ìdajì ìka, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, yóò gún yín lọ́wọ́. Òfin tó wà nídìí èyí ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sì tíì yí padà. Tí a bá dín ìnípọn ọ̀pá kù sí ìdajì, agbára tó fi ń dúró ṣánṣán kì í dín sí ìdajì. Ìdá kan péré nínú mẹ́rìndínlógún ló ń kù. Tí a bá sì dín gígùn rẹ̀ kù sí ìdajì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ti lílọ́ náà wà níbẹ̀: bíìtì 0.5 lè gba ìdá kan nínú mẹ́jọ péré nínú ìlọ́ra tí bíìtì 1.0 lè gbà kí ó tó já. Ẹni tó ti fi bíìtì ńlá lu igi fún ogún ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbá lójú jù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ kó wọlé.

Láti inú òfin yẹn ni a ti lè rí ohun púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Bíìtì tí ara rẹ̀ tó ń gé nǹkan kò gùn sàn ju èyí tó gùn lọ. Bí ẹnu tó di bíìtì mú bá gbà á láyè, ẹ tì í wọlé kí ìwọ̀nba tí ẹ nílò nìkan yọ síta. Ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ fì sí ẹ̀gbẹ́, torí ìtì tó ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń dá irin wọ̀nyí ní kíá.

Irin tí wọ́n fi ṣe é ńkọ́? Oríṣi méjì ló kún ọjà. Àkọ́kọ́ ni irin tí wọ́n ń kọ HSS sí lára. Ó le, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rọ̀ fún ènìyàn díẹ̀. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, á tẹ̀, á sì padà sípò. Èkejì ni kábáìdì, tí wọ́n ń fi tungsten àti èédú ṣe. Ó le ju HSS lọ fíìfíì, ẹnu rẹ̀ kì í tètè kú, ìdúró rẹ̀ kì í yẹ̀. Àmọ́ kò mọ títẹ̀ rárá, bí àwo tánganran ló rí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù inú rédíò àti fóònù ni wọ́n ṣe kábáìdì tín-ín-rín wọ̀nyí fún. Ẹ̀rọ ni wọ́n dè é mọ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ tí kì í gbọ̀n, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lóòró gangan. Ìdí rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 3.175, ó sì máa ń ní òrùka rọ́bà aláwọ̀ mèremère. Nígbà tí ó bá ti lu ihò tó, ilé iṣẹ́ á yọ ọ́, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sí ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ènìyàn á rà á nítorí ó dán, ó sì mú. Wọ́n á gbé e sínú dírìlì ọwọ́, kò sì ní í lu ihò mẹ́ta kó tó ṣẹ́ pẹ́kẹ́. Èrò tèmi kò rọ̀ lórí èyí: tí ẹ bá ń fi ọwọ́ lu nǹkan, HSS ni kí ẹ rà. Kábáìdì wà fún ẹni tó ní ìdúró dírìlì tó dúró gbọin. Àwọ̀ wúrà tó wà lára bíìtì mìíràn, ìbora titanium ni lára ojúlówó, ó sì ń dín ìfarakínra kù. Lára àwọn mìíràn ní ọjà, àwọ̀ lásán ni.

Ní ti ohun tí ń yí bíìtì, mo fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń kọ pin vise sára páálí rẹ̀. Ọ̀pá irin kúkúrú kan ni, kò gùn ju ìka àárín lọ. Orí rẹ̀ kan ṣe róbótó, ó sì ń yí lọ́tọ̀. Ẹnu rẹ̀ kejì là sí mẹ́rin, tí a bá sì fún un, á di bíìtì mú. A ó gbé orí róbótó yẹn sí àárín àtẹ́lẹwọ́, a ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí ara rẹ̀. Ìka á máa gbọ́ ohun tí bíìtì ń ṣe: bí ó bá ń gé, èèpá tín-ín-rín á máa yọ jáde ní wíwẹ́, bí ẹnu rẹ̀ bá ti kú, a ó mọ̀ ọ́n pé ó kàn ń yọ̀ lójú kan ni. Bí ó bá ti wọlé tó ìlọ́po mẹ́ta ìnípọn ara rẹ̀, kí a fà á jáde kí èèpá dà nù, kí a tó tún dá a padà. Èèpá tó há sínú ihò ló ń lọ́ bíìtì títí yóò fi já. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yìí, iṣẹ́ mìíràn wà tí ó lè ṣe.

Dírìlì kékeré tó ń lo iná náà dára, ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹnu bíìtì ṣe ń yára sáré lójú ohun tí ó ń gé ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye ìgbà tí ó yí nìkan. Ká ní a fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sáré mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan lójú idẹ. Bíìtì tó nípọn ní mìlímítà 10 kò ní ju nǹkan bí ìgbà 950 lọ tí yóò yí. Bíìtì 0.5 gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 19,000. Ìdí nìyí tí dírìlì ńlá tí àwọn bírílà fi ń lu ògiri kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí, yàtọ̀ sí pé ẹnu rẹ̀ kì í tilẹ̀ lè di irin tín-ín-rín mú. Ṣùgbọ́n eré yìí náà ló ń ba ike jẹ́. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àwòṣe alárà, pólísítáírìnì, ń rọ̀ ní nǹkan bíi 100°C, ọ̀pọ̀ dírìlì kékeré ni kò sì lè yí lọ́ra ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ike á yọ́, á dì mọ́ bíìtì, ihò á sì rí jágajàga. Ọwọ́ ni kí a fi lu ike. Lójú irin àti idẹ, ẹ kọ́kọ́ fi òòlu tàbí abẹ́rẹ́ ṣe àmì kékeré kí bíìtì má baà sá, kí ẹ sì fi òróró tàbí àbẹ́là ra ẹnu rẹ̀.

Igi tún ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ kékeré tó dára jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ère ẹ̀gún tí Justus Akérédolú ti Ọ̀wọ̀ dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Kì í ṣe igi ńlá ló ń gbẹ́. Ẹ̀gún tó ń hù lára igi bí àtá ni. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ínṣì márùn-ún lọ, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀: òmíràn funfun bí wàrà, òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn dúdú díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ tó tẹ̀ lé e fi ẹ̀gún wọ̀nyí gbẹ́ obìnrin tó ń gúnyán, adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, àwọn tó ń ta ayò, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Abala abala ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi gúlù so ó. Ẹ wo ọmọ odó lọ́wọ́ obìnrin tí kò ga ju ìka lọ, ẹ ó rí i pé ìkúùkù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lù já láìya. Ẹ̀gún rọ̀, kò lè pa bíìtì kankan lára. Ẹ̀gún ni bíìtì lè pa lára. Tí a bá lu ohun tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, bíìtì tó mú bí abẹ ni kí a lò, kí a lu ihò náà nígbà tí ìkúùkù ṣì wà nínú ẹ̀gún gbọọrọ, kí a tó wá gbẹ́ ọwọ́ yí i ká. Ẹni tó bá gbẹ́ ọwọ́ tán kó tó lu ihò yóò gbẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ibi tí HSS ti ń dé òpin agbára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń fi nọ́ńbà 1 sí 10 wọn bí òkúta ṣe le sí, dáyámọ́ǹdì ló wà ní 10. Iyùn wà láàárín 3 sí 4, irin rere sì lè lù ú láìsí wàhálà bí ọwọ́ bá rọra. Díńgí wà ní nǹkan bí 5.5. Òkúta pupa làńtànà tó sọ Ìlọrin di ìlú olókìkí nígbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7. Láti Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn oníṣẹ́ làńtànà sọ pé àwọn baba wọn ti gbé iṣẹ́ náà wá nígbà tí ìlú tú. Kí a tó lè ta ìlẹ̀kẹ̀ kan, òkúta gbọ́dọ̀ lù já láti òkè dé ìsàlẹ̀, lílù yìí ló sì ń gba àkókò jù. Ní Khambhat ní Íńdíà, níbi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń lọ káàkiri ayé, èérún dáyámọ́ǹdì kékeré méjì ni wọ́n ń so mọ́ ẹnu ìlu, wọ́n á sì fi ọrun yí i. Ẹni tó bá fẹ́ lu òkúta lónìí, bíìtì tí wọ́n ti lẹ dáyámọ́ǹdì mọ́ lẹ́nu ni kó rà. Kì í gé nǹkan. Ńṣe ló ń lọ̀ ọ́ di lúbúlúbú. Nítorí náà a kì í tẹ̀ ẹ́. A ó gbé òkúta sínú àwo omi pẹrẹsẹ, dírìlì bátìrì ni kí a lò kí iná ìjọba má baà bá omi pàdé, a ó sì lù ú dé àárín láti ìhà kan kí a tó yí i padà. Bí a bá lù ú já láti ìhà kan ṣoṣo, ẹnu ibi tí bíìtì ti ń yọ ló máa ń fọ́.

Omi yẹn kì í ṣe nítorí bíìtì nìkan. Eruku òkúta wọ̀nyí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń dá àpá sí i lára díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè mú àpá náà kúrò. Sílíkósísì ni àwọn dókítà ń pe àrùn náà, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ òkúta ní Khambhat. Ẹni tó ń lu ìlẹ̀kẹ̀ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa dé, láìsí omi, láìsí ìbomú tó dáa, kò yàtọ̀ sí wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tó mú ọgbọ́n wá ju bíìtì lọ: kí a má lu ihò rárá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wa ilẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ díńgí tó ju 12,000 lọ, ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sí. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n fà nígbà tí díńgí gbóná tó ń yọ́, tí inú rẹ̀ sì ṣófo. Wọ́n á fà á gùn bí ọ̀pá, wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́. Ihò ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn Krobo ní ilẹ̀ Gánà ń da díńgí tí wọ́n gún lúbúlúbú sínú mọ́ọ̀dù amọ̀, wọ́n á ki ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀. Nínú iná, ewé ẹ̀gẹ́ á jóná tán, ihò á sì kù sílẹ̀. Ẹni tó ń fi amọ̀ tàbí ọ̀dà tó ń gan ṣe àwòṣe kékeré lè ṣe ohun kan náà: kó ti wáyà bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì rọ̀, kó fi òróró ra wáyà náà, kó sì fà á yọ lẹ́yìn tó bá gan.

Tí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ lu ihò, ẹ̀rọ tó kéré jù lọ tí mo máa rà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pin vise kan àti àpótí HSS tó ní ogún bíìtì láti 0.3 títí dé 1.6. Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ní ìlú kékeré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó nílò láti ránṣẹ́ síta. Nígbà tó bá dé, ẹ yí bíìtì kọ̀ọ̀kan lórí díńgí pẹrẹsẹ: èyí tí orí rẹ̀ ń mì ti tẹ̀. Ẹ fi awò tí àwọn atún-aago-ṣe ń lò wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ń gé nǹkan gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ọ̀kan má gùn ju èkejì. Nínú àpótí olówó pọ́ọ́kú, kó má yà yín lẹ́nu bí mẹ́rin tàbí márùn-ún kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ra méjì méjì nínú èyí tí ẹ máa lò jù, 0.4, 0.5 àti 0.8 ní pàtàkì.

Bíìtì á sì dá sínú iṣẹ́, kò sí ẹni tí kò ní ṣẹlẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ pé inú idẹ tàbí bàbà ló dá sí, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ lọ ra álọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n fi ń mú omi odò tòrò. Ẹ pò ó sínú omi gbígbóná títí kò fi ní yọ́ mọ́, nínú ìgò tàbí àwo tánganran, kì í ṣe ìkòkò irin. Ẹ ki iṣẹ́ yín bọ inú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fòfo kékeré á máa yọ láti ẹnu ihò náà. Irin ló ń jẹ nìyẹn, kò ní fọwọ́ kan idẹ. Bíìtì tí irin rẹ̀ kò ní èròjà púpọ̀ á tètè di dúdú, á sì tú. HSS á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi álọ́ọ̀mù náà. Kábáìdì kò ní dá a lóhùn rárá.